E MA MU OMI YI

“Kí ni àwọn èèrà wọ̀nyí ń ṣe lórí pátákó mi?”

Mìsé Ghislain, ọ̀gá àgọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó dúró sẹ́yìn Fàdílátù, ó fọwọ́ lé ìbàdí. Bàtà rọ́bà gígùn wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ẹrẹ̀ dúdú abúlé Kpoulou sì ti gùn ún dé orúnkún. Fàdílátù kúnlẹ̀ lẹ́bàá kànga, ó di búrọ́ọ̀ṣì mú. Ọ̀dà pupa tó fi kọ̀wé kò tíì gbẹ, àwọn àmì tó fi sórí lẹ́tà sì ti ń ṣàn wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

“Àmì ohùn ni, Mìsé. Láìsí wọn, ọ̀rọ̀ yìí lè di ọ̀rọ̀ mìíràn.”

“Báwo?”

“Ohun tí mo kọ ni pé kí wọ́n má mu omi yìí. Bí àmì kò bá sí lórí rẹ̀, ẹlòmíràn lè kà á pé kí wọ́n máa mu ún.”

Èdè Faransé ni wọ́n ń sọ, nítorí ọmọ Kútọnu ni Mìsé Ghislain, ‘ẹ káàárọ̀’ nìkan ló mọ̀ nínú Yorùbá, àní lọ́sàn-án pàápàá òun náà ló máa ń kí èèyàn. Ó gbìyànjú láti pe ọ̀rọ̀ méjèèjì lẹ́nu. “Ma. Ma. Ọ̀kan náà ni etí mi gbọ́.”

“Mààààà!” Armand ké bí ewúrẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ kejì kànga, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù sì bú sẹ́rìn-ín. Armand ló gbé ike jáfẹ́lì dání, oògùn olóòórùn líle tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi. Láti òwúrọ̀ ni wọ́n ti ń fọ ògiri kànga náà, wọ́n ti kó ewé àti òkú ọ̀pọ̀lọ́ inú rẹ̀ kúrò. Ó ku kí wọ́n da oògùn sí i, kí ẹnikẹ́ni má sì fẹnu kan omi náà fún ọjọ́ mẹ́ta.

“Fọ́tò pátákó yìí ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń gbọ́ bùkátà wa,” ni Mìsé Ghislain wí. “Mo fẹ́ kí ó mọ́ tónítóní. Nu àwọn èèrà yẹn kúrò.”

“Mìsé, ẹ jẹ́ kí n kúkú lọ láti agbo ilé dé agbo ilé, kí n fi ẹnu sọ fún wọn.”

“Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a ti ń kọ́ àwọn obìnrin wọ̀nyí ní ìwé kíkà. Bí o bá ń pariwo rẹ̀ kiri, kí ni wọ́n wá kọ́? Jẹ́ kí wọ́n kà á. Rosine yóò ya fọ́tò ẹni àkọ́kọ́ tó bá kà á. Ẹ̀rí iṣẹ́ wa nìyẹn.” Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Orúkọ rẹ ni mo fẹ́ kọ ránṣẹ́ sí Àjàṣẹ́, Fàdílátù. Ìwọ náà mọ̀. Má jẹ́ kí n wá ẹlòmíràn.”

Fàdílátù mọ̀. Nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjìdínlógún tó wá lo kọ́ńjé, ìsinmi ilé ìwé wọn, ní àgọ́ iṣẹ́ ìlú yìí, ẹnì kan ṣoṣo ni àwọn olówó àgọ́ yóò mú lọ sí lísè kan, ilé ìwé girama, ní Àjàṣẹ́, tí yóò máa gbé níbẹ̀, tí yóò máa jẹun níbẹ̀, títí yóò fi ṣe ìdánwò bákì. Àwọn yòókù ní bàbá tó lè rán wọn. Bàbá tirẹ̀, Àbúdùlàhí, tó ń ránṣọ lẹ́bàá ọjà Adja-Ouèrè, ti sọ tẹnu rẹ̀ kí ó tó jáde nílé: “Mo ti ṣe é dé ibi tí agbára mi mọ. Bí o bá ti àgọ́ yẹn dé lọ́wọ́ òfo, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ló kù.”

Ó ki akísà bọ epo àtùpà, ó nu àwọn àmì náà kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ṣẹ́kù sórí pátákó ni: E MA MU OMI YI.

“Ó dáa bẹ́ẹ̀,” ni Mìsé Ghislain wí. “Armand, ó yá.”

“Ṣé kí n da gbogbo rẹ̀, Mìsé?”

“Dà á jàre, òjò ti ń bọ̀.”

Inú ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Kpoulou ni wọ́n ń gbé. Wọ́n ti àwọn bẹ́ǹṣì mọ́ ògiri, àwọn ọmọbìnrin ń sùn lórí ẹní ní kíláàsì kan, àwọn ọmọkùnrin ní èkejì. Fèrè Mìsé Ghislain ló ń jí wọn. Wọn á mu ògì, wọn á jẹ àkàrà, wọn á wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi Faransé kọ ‘A wà fún yín’ sí lẹ́yìn, wọn á sì lọ gbẹ́ ṣáláńgá tàbí kí wọ́n lọ tún ojú ọ̀nà ṣe. Ní ìrọ̀lẹ́ wọ́n ń kọ́ àwọn ìyá ní ìwé. Fàdílátù nìkan ló gbọ́ èdè àdúgbò nínú wọn, nítorí náà òun ló ń ṣe ògbufọ̀ fún gbogbo wọn. Ohun kan náà ló mú kí wọ́n máa fojú ará oko wò ó. Rosine, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá ní ọ́fíìsì kan ní Kútọnu, ló burú jù. Bí ewúrẹ́ bá ṣèèṣì wọ ọgbà ilé ìwé, Rosine á kígbe pé, “Fàdílátù, àwọn ẹbí rẹ ti dé o! Wá túmọ̀ fún wa.”

Nínú àwọn ìyá tó ń wá kọ́ ìwé, Ìyábùnmi ni orí rẹ̀ jí jù. Ó tó ẹni ogójì ọdún, ọkọ rẹ̀ ni Hàkímù tó ń gbin àgbàdo. Òun ló máa ń dé ṣáájú, á fi ìwé àjákọ rẹ̀ sínú ọ̀rá kí òjò má baà pa á, á pọn ọmọ rẹ̀ àbígbẹ̀yìn, Bàrákátù ọmọ ọdún mẹ́rin, sẹ́yìn. Bó bá ka ọ̀rọ̀ kan já, á pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀, gbogbo kíláàsì á sì bá a pa á. Mètìrẹ́ẹ̀sì, olùkọ́ obìnrin, ló ń pe Fàdílátù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè bí i lọ́mọ.

Àwọn gbólóhùn tí wọ́n fi ń kọ́ wọn wà lára ògiri. E MA FO OWO YIN. E MA LO SALANGA. E MA SUN NINU NETI. Mìsé Ghislain ló ní kí wọ́n má fi àmì sí wọn, kí wọ́n sì máa fi a kan ṣoṣo kọ máa, kí ó lè rọ àwọn ìyá lọ́rùn. Fàdílátù fúnra rẹ̀ ló na ọ̀pá sí ma yẹn lójoojúmọ́, tó ń wí pé, “Máa! Ẹ pè é.” Wọ́n á sì pè é: “Máa!”

Òjò ọjọ́ náà kò dá títí di ìrọ̀lẹ́, kò sì sí kíláàsì. Nígbà tó dá tán, Fàdílátù àti Rosine ń fún aṣọ tí òjò pa lórí okùn nígbà tí Ìyábùnmi yọ lẹ́yìn ọgbà, ó gbé abọ́ àgbàdo sísè dání.

“Mètìrẹ́ẹ̀sì! Mètìrẹ́ẹ̀sì mi ò!”

“Ìyá rẹ ń pè ọ́,” ni Rosine wí ní Faransé. “Lọ gba oúnjẹ rẹ wá. Ebi ń pa ewúrẹ́.”

Fàdílátù sáré lọ sídìí ọgbà. Ojú ń tì í, ó fẹ́ kí obìnrin náà tètè lọ.

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Ìyá Bàrákátù.”

“Mo kà á!” Ìyábùnmi ń mí gúlegúle bí ẹni tó sáré wá. “Pátákó ìdí kànga, mo kà á tán látòkè délẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ràn mí lọ́wọ́. Àwọn obìnrin yí mi ká, wọ́n ní kí ló wí, kí ló wí? Èmi ni mo sọ ọ́ fún wọn!”

“Ẹ ti sọ ọ́ fún gbogbo wọn?”

“Gbogbo wọn pátá! Ilé òkè, ilé ìsàlẹ̀. Ìyálé Baba Oyèlẹ́yẹ tó ní àgbàlagbà kì í kọ́ ABD, òun náà wá bi mí. Mo ní kí ó wo ibi tí ìka mi wà!”

Ara tu Fàdílátù. Láti ọ̀sán ni ọkàn rẹ̀ kò ti lélẹ̀. Ó yẹ kí ó bi í pé, kí gan-an ni ẹ kà? Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n Rosine ti dé lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà, ó ń wí ní Faransé pé, “Sọ fún un kí ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kí ó má la ẹnu, eyín iwájú rẹ̀ ti lọ sí ọjà.”

“Ó ní kí ẹ rẹ́rìn-ín, ìyá,” ni Fàdílátù wí.

Ìyábùnmi la ẹnu, ó rẹ́rìn-ín. Rosine yà á. “Kí ẹ fún mi ní fọ́tò tèmi o!” ni Ìyábùnmi wí. Ó kó àgbàdo lé Fàdílátù lọ́wọ́, ó ní oòrùn ti wọ̀, òun ò tíì pọnmi.

Fèrè kò tíì dún ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí Hàkímù fi já wọ ọgbà ilé ìwé. Ó gbé Bàrákátù sí àyà. Ètè ọmọ náà ti wú, inú ẹnu rẹ̀ ti bó, ìfóòfó tó ní ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ń jáde létí ẹnu rẹ̀, kò sì lè sunkún. Ìyábùnmi ń bọ̀ lẹ́yìn wọn láìwé gèlè.

“Omi yín!” ni Hàkímù ń pariwo. “Omi yín ni!”

“Ó mu ún lẹ́yìn tó jẹ àgbàdo tán,” ni Ìyábùnmi ń wí, kò sí ẹni pàtó tó ń sọ ọ́ fún. “Ó ní ó ń ta òun lẹ́nu. Mo ní oògùn ni, bí oògùn ṣe ń rí nìyẹn, gbé e mì. Èmi ni mo ní kí ó gbé e mì.”

Fàdílátù yíjú sí Mìsé Ghislain. “Mìsé, ọkọ̀!” Ọkọ̀ àgọ́ wà lábẹ́ igi máńgòrò, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń rọ̀ lọ́rùn Mìsé Ghislain.

“Ìwé ọkọ̀ yẹn kò fàyè gba ará abúlé. Bí ọmọ náà bá kú sínú rẹ̀ ńkọ́? Pe zémì.”

Wọ́n pe zémì. Hàkímù gùn ún lẹ́yìn ẹni tó ń wa alùpùpù náà, ó fi ọmọ sáàárín. Kò sí àyè fún Ìyábùnmi. Ó sáré tẹ̀lé wọn nínú ẹrẹ̀ títí bàtà rẹ̀ fi há sínú ilẹ̀, ó sì ń fi ẹsẹ̀ lásán sáré lọ sí ọ̀nà Adja-Ouèrè títí wọn kò fi rí i mọ́.

Kí oòrùn tó ga, ìròyìn ti kún: ilé mọ́kànlá ni èébì àti inú rírun ti wọ̀. Mìsé Ghislain pe Armand àti Fàdílátù sí ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìwé, ó ti ilẹ̀kùn.

“Armand, báwo ni oògùn tí o dà sí i ṣe pọ̀ tó?”

“Gbogbo rẹ̀ ni, Mìsé. Ẹ ní kí n dà á.”

Mìsé Ghislain pa ojú dé fún ìṣẹ́jú kan. “Mi ò gbọ́ ohun tí o sọ yẹn,” ni ó wí, “ìwọ náà kò sì sọ ọ́. Jáde.” Ó wá kọjú sí Fàdílátù. “Kí ni pátákó yẹn wí?”

“Mìsé, láìsí àmì...”

“Kí ló wà lọ́kàn rẹ nígbà tí o ń kọ ọ́?”

“Kí wọ́n má mu ún.”

“Ohun tí pátákó wí náà nìyẹn. Obìnrin yẹn ló ṣì í kà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló fi kàwé, ta ni yóò bá a wí? A kò ní fẹjọ́ rẹ̀ sun ẹnikẹ́ni.” Ó fa ìwé funfun kan jáde. “Mo máa kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kí a tó wọ ọkọ̀, ìwọ lo máa fọwọ́ sí i, nítorí ìwọ ni ògbufọ̀. Èmi náà á wá fọwọ́ sí ìwé Àjàṣẹ́ rẹ.”

Ní Ọjọ́bọ̀, Baba Oyèlẹ́yẹ, olórí abúlé, pe gbogbo ènìyàn sí àgbàlá rẹ̀. Bàrákátù ti ti ilé ìwòsàn dé. Kò kú. Ògì tútù ni wọ́n ń fi ṣíbí kán sí i lẹ́nu, ohùn rẹ̀ kò sì jáde mọ́. Ó jókòó síbi ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ó ń wo ẹnu gbogbo ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ti yọ pátákó wá láti ìdí kànga, wọ́n fi ti igi odán. Mìsé Ghislain gbé ọṣẹ àti ìrẹsì wá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúró lẹ́yìn rẹ̀ nínú ẹ̀wù aláwọ̀ ewé wọn.

“Sọ fún wọn pé ọ̀ràn yìí dùn wá,” ni ó wí fún Fàdílátù. “Sọ fún wọn pé pátákó kìlọ̀ fún wọn, ẹni tó kà á ni kò kà á re.”

Fàdílátù wo ilẹ̀. “Mìsé ní ọ̀ràn yìí dùn àwọn. Wọ́n ní pátákó kìlọ̀. Wọ́n ní ẹni tó kà á ni kò kà á re.”

Ariwo sọ láàárín àwọn obìnrin.

“Ẹ ò gbọ́ nǹkan! Ọ̀mọ̀wé Kpoulou!”

“Mo bi í lẹ́ẹ̀mejì, mo ní ṣé ó dá ẹ lójú? Ó ń nàka sí i fún mi, ó ń pàtẹ́wọ́!”

“Ìyá Ẹ-máa-mu!” ni ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn, àwọn kan sì rẹ́rìn-ín. Orúkọ náà mọ́ ọn lára lójú ẹsẹ̀. “Ìyá Ẹ-máa-mu, ẹ bù fún wa ká mu!”

Ìyálé Baba Oyèlẹ́yẹ, tó ti bì fún odindi ọjọ́ kan, kò rẹ́rìn-ín. “Mo sọ ọ́,” ni ó wí. “Mo ní kí ó fi ìwé sílẹ̀ fún àwọn ọmọ.”

Ìyábùnmi dìde. Kò kúnlẹ̀. “Baba, ẹ jẹ́ kí n bi Mètìrẹ́ẹ̀sì ní ìbéèrè kan.”

“Bi í,” ni Baba Oyèlẹ́yẹ wí.

Ó yọ ìwé àjákọ rẹ̀ nínú ọ̀rá, ó ṣí ojú ewé àkọ́kọ́, ó gbé e síwájú Fàdílátù. Ìwé ọwọ́ Fàdílátù fúnra rẹ̀ ló wà lókè. “Ka èyí fún mi.”

“Ẹ máa fọ ọwọ́ yín.”

“Ma yẹn, kí lo ní kí n máa pè é?”

“Máa.”

“Èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?”

“Ẹ máa lo ṣáláńgá.”

“Ó dáa. Wá ka pátákó.”

Fàdílátù wo pátákó. Ibi tó ti fi epo àtùpà nu àmì kúrò ṣì ń dán díẹ̀ lára igi, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ ọ́n nìkan ló lè rí i. Ó gbọ́ tí Mìsé Ghislain ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Ẹ má mu omi yìí,” ni ó kà.

“Ma inú ìwé mi, ma ara pátákó. Kí ni ìyàtọ̀ wọn? Fi ọwọ́ kàn án fún mi, Mètìrẹ́ẹ̀sì. Kí n rí i. Bí mo bá rí i, mo gbà, èmi ni mo pa ọmọ mi lẹ́nu mọ́.”

Àwọn ìyá yòókù tó ń kọ́ ìwé kò tíì lè dá gbólóhùn kà. Kò sí ẹlòmíràn nínú wọn tó lè wo pátákó kí ó rí ohun tí Ìyábùnmi ń sọ. Wọ́n ń wo ọwọ́ Fàdílátù.

“Kí ló ń wí?” ni Mìsé Ghislain béèrè.

“Ó ń tọrọ àforíjì, Mìsé,” ni Fàdílátù dá a lóhùn ní Faransé.

Àánú obìnrin náà ṣe Mìsé Ghislain. Ó fọwọ́ kàn án léjìká, ó rọra wí fún un ní Yorùbá pé, “Ẹ káàárọ̀.”

Baba Oyèlẹ́yẹ mi orí. “Ó tó. Tíṣà ti kà á, ẹni tó kọ nǹkan ló mọ ohun tó kọ. Hàkímù, mú ìyàwó rẹ lọ sílé. Láti òní títí omi kànga yóò fi dára, òun ni yóò máa lọ pọnmi ní odò fún ilé mọ́kànlá tó kó àìsàn bá. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ mi.”

Hàkímù kò lu ìyàwó rẹ̀, kò sì bú u. Ó kàn gba ìwé àjákọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó nà án sí Félicité tó ń dín àkàrà létí ọ̀nà. “Gbà,” ni ó wí. “Máa fi pọ́n àkàrà.”

Àárọ̀ Jímọ̀ ni wọ́n jẹ oúnjẹ ìgbẹ̀yìn ní àgọ́. Rosine tú àkàrà tirẹ̀, ó wo bébà tí òróró ti rin, ó sì pariwo. “Ẹ wá wò ó! I-ya-bun-mi. Àkàrà mi ti sọ orúkọ!” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Fàdílátù náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló rí ewé náà dáadáa. Orúkọ yẹn kan náà ni Ìyábùnmi kọ kún un, ti òkè wọ́ bí ẹ̀ka igi, ti ìsàlẹ̀ ti tọ́. Ó gbé àkàrà tirẹ̀ sílẹ̀. Kò gba àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó jáde lọ.

Ó bá Ìyábùnmi lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ìkòkò omi òfìfo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òṣùká ṣì wà lórí rẹ̀, ó ń fi ṣíbí kán ògì sí Bàrákátù lẹ́nu.

“Ẹ kú iṣẹ́, ìyá.”

“Ẹ ò tíì lọ?”

“Láìpẹ́ yìí ni.” Fàdílátù kúnlẹ̀. “Ìyá, mo fi àmì sí i. Wọ́n ní kí n nù ún kúrò, mo sì nù ún. Bí mo ṣe kọ́ yín gan-an lẹ ṣe kà á.”

“Mo mọ̀.”

“Mo lè lọ sọ fún Baba Oyèlẹ́yẹ. Nísinsìnyí.”

“Ilé rẹ̀ lo gbà kọjá kí o tó dé ibí. Kí ló dé tí o kò yà?”

Fàdílátù ní, “Bí mo bá sọ ọ́, wọn ò ní mú mi lọ sí Àjàṣẹ́. Bàbá mi ti ní ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni. Ìwé mi parí nìyẹn.”

“Ẹ̀ẹ́n.” Ìyábùnmi nu ẹnu ọmọ rẹ̀. “O wá kí n lè wí fún ẹ pé, máa lọ ọmọ mi, mo ti fi jì ẹ́, lọ kàwé rẹ. Mi ò ní wí i. Mi ò fi jì ẹ́. Ọ̀nà ilé Baba nìyí, ọ̀nà ilé ìwé nìyẹn. Èyí tó bá wù ẹ́ ni kí o gbà, ṣùgbọ́n má kúnlẹ̀ síwájú mi kí n bá ẹ yàn án. Ilé mẹ́fà ni mo ti pọnmi fún láàárọ̀ yìí. Ó ku márùn-ún.”

Bàrákátù wo Fàdílátù. Ó la ẹnu bí ẹni fẹ́ kí i, nǹkan kan kò jáde, ó sì pa á dé.

Baba Oyèlẹ́yẹ jókòó nìkan níwájú ilé rẹ̀, ó ń ki èèkù ọkọ́ bọ irin rẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn nítòsí. Ó rí Fàdílátù, ó gbé ọwọ́ sókè.

“Tíṣà! Ẹ ti ń lọ?”

Fàdílátù dúró. Ọkọ̀ fun fèrè ní ọ̀nà ilé ìwé, ó tún fun.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Baba. A ti ń lọ.”

“Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ọlọ́run á san yín lẹ́san iṣẹ́ tí ẹ ṣe fún wa.”

“Àmín, Baba,” ni Fàdílátù wí.

Mìsé Ghislain ti tẹ́ ìwé náà sórí iwájú ọkọ̀, ó fi òkúta tẹ̀ ẹ́ kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ. “O kò ní kà á?” ni ó bi í. Fàdílátù ní rárá. Ó fọwọ́ sí i. Nígbà tó wọ inú ọkọ̀, Rosine sún fún un. “Jókòó síbí, àyè wà lójú fèrèsé,” ni ó wí. “Mo gbọ́ pé ìwọ ni wọ́n mú. Ẹ̀gbọ́n mi wà ní lísè yẹn, màá sọ fún un kí ó máa mójú tó ẹ.”

Ọkọ̀ náà kò tíì rìn jìnnà tí táyà rẹ̀ fi rì sínú ẹrẹ̀. Ó ké, ó ké, ó túbọ̀ ń rì. Àwọn obìnrin tó ń ti oko bọ̀ dúró létí ọ̀nà, wọ́n ń wò wọ́n.

“Fàdílátù,” ni Mìsé Ghislain wí láti iwájú, “sọ fún wọn kí wọ́n wá tì wá.”

Ó yọ orí lójú fèrèsé. Gbogbo wọn ló gbé ojú sókè, wọ́n ń dúró de ohun tí yóò sọ.

“Ẹ jọ̀ọ́,” ni ó wí, “ẹ bá wa tì í.”

Wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n wá tì í. Ẹrẹ̀ dúdú ta sí wọn lójú àti láṣọ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sọ pé, “Ẹ gbé e, ẹ gbé e!” Ìyábùnmi nìkan ni kò dúró. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kọjá, ìkòkò omi kún lórí rẹ̀. Ilé keje ló ń gbé e lọ.